Gọ́ọ̀mù Oníṣẹ́jú Mẹ́rin

Kí Motúnráyọ̀ tó di ọ̀gá tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí, Ìyá Ooru ni wọ́n ń pè é káàkiri Àgbowó àti Bódìjà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló gba orúkọ yẹn, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, níwájú ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ tí òógùn bò àti ọgọ́rùn-ún mìíràn tó ń yọjú lójú fèrèsé. Àwọn kan ní wọn kò tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbòho ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, abẹ́ agboòrùn ló jókòó sí, tó ń ta káàdì ìpè níwájú ṣọ́ọ̀bù Adégbóyè, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgbowó. Nígbà tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ra owó ìpè lórí fóònù ara rẹ̀, ọjà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìta ẹyọ káàdì kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ká agboòrùn, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Adégbóyè kò gbójú sókè kúrò lórí ohun tó ń tú. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, sà."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, ìwọ ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní A, B, D. Ọdún mẹ́rin ni o. N kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí o bá gbọ́, o gbọ́. Tí o kò bá gbọ́, padà sábẹ́ agboòrùn rẹ."

"Mo gbà, sà."

"Dìde, Káàdì. Mú ìgbálẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Káàdì ni orúkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Oníbàárà tó bá béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, Adégbóyè á ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fún Adégbóyè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣá. Kò sí rédíò kan tó wọ Ìbàdàn láyé ọjọ́un tí kò tú ìfun rẹ̀ rí. Dùgbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ rédíò. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò tún rédíò ṣe mọ́, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí Àgbowó, ó fi ojú lásán kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá gbé etí lé kọ̀ǹpútà lára, ó lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìlú tí wọ́n ti lò ó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó sọ ọ́ di olókìkí ju gbogbo ìyókù lọ, ìyẹn ni iṣẹ́ fáànù.

Inú gbogbo kọ̀ǹpútà ni fáànù kékeré kan wà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ rẹ̀ kó má bàa jóná. Ti àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà yìí, eré àsápajúdé ni wọ́n máa ń sá tọ̀sán tòru, ì báà jẹ́ ooru, ì báà jẹ́ òtútù. Ọkùnrin kan tan tirẹ̀ ní Mọ́níyà, aládùúgbò rẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ wá, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn á ní kí ènìyàn lọ ra fáànù tuntun olówó gọbọi. Adégbóyè kì í ra nǹkan kan. Inú òkú rédíò ló ti máa ń yọ fọ́lúùmù, ìyẹn ohun tí à ń yí kí ohùn rédíò lè ròkè tàbí kó relẹ̀. Á lu ihò síwájú kọ̀ǹpútà, á ki fọ́lúùmù náà bọ̀ ọ́. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á yí i sílẹ̀, fáànù á máa mí bí ọmọ tó yó tó sùn. Bí oòrùn bá mú, á yí i sókè, fáànù á gbéra.

Láàárín fọ́lúùmù àti fáànù yìí, kókó gọ́ọ̀mù dúdú kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyin àdàbà. Wáyà wọ inú rẹ̀ láti apá kan, ó jáde ní apá kejì.

"Ọ̀gá, kí ló wà nínú ẹ̀?" Motúnráyọ̀ béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni. Eruku ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

"Wáyà nìkan?"

"Ṣé ẹran ni mo fẹ́ fi há a ni? Lọ ra gọ́ọ̀mù wá."

Gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú mẹ́rin ni, èyí tó jẹ́ méjì, tí wọ́n máa ń pò pọ̀, tí yóò sì le bí òkúta kí ènìyàn tó fọwọ́ nu ojú. Òdìkejì títì márosẹ̀ ni ẹni tó ń tà á wà. Motúnráyọ̀ á gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ, á tò sórí ìlà, á rà á, á tún gun afárá bọ̀. Nígbà tó bá fi dé, kókó gọ́ọ̀mù ti wà nídìí iṣẹ́, ó ti le gan-an. Èyí tó rà bọ̀ á wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ. Ọdún mẹ́rin ló fi gun afárá yẹn, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù tí òun rà lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa ń lò ó.

Òun náà ló máa ń tú òkú rédíò. Adégbóyè kọ́ ọ bí a ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé, kí ó yọ fọ́lúùmù sọ́tọ̀, kí ó sì yọ táránsísítọ̀ sọ́tọ̀, àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fọ́lúùmù á lọ sínú ọ̀rá, táránsísítọ̀ á lọ sínú agolo mílíìkì.

"Ta ló ń ra eléyìí, sà?"

"Àwọn ará Dùgbẹ̀. Kò kàn ọ́."

Ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù pé. Wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Àgbowó pé jọ, ìyá Motúnráyọ̀ wọ ọkọ̀ láti Ìgbòho wá. Adégbóyè fi tọ́ọ́nàbíìsì tí wọ́n fi ń tú ìdè kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́, ó wá dojú kọ àwọn èrò.

"Ohun tí mo mọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Bí mo bá fi nǹkan kan pamọ́ fún un, kí Ọlọ́run bi mí."

Wọ́n ṣe àmín. Ìyá Motúnráyọ̀ sunkún ayọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Adégbóyè bí ọkùnrin. Adégbóyè gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ó má bàa fi gèlè nu bàtà rẹ̀.

Motúnráyọ̀ gba ìdajì kọ̀ntéínà kan ní Bódìjà. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀ tó jẹ́ pé eṣinṣin pọ̀ ju oníbàárà lọ. Ní oṣù kẹrin, Màmá Ọ̀ṣuntókun ránṣẹ́ pè é.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá yìí. Ó ní gbọ̀ngán kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dánra wò. Ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló wà níbẹ̀, ọgbọ̀n fáànù sì ń hó nínú wọn.

"Mò ń pe orúkọ ọmọ, ọmọ ò gbọ́," ni Màmá wí. "Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ Adégbóyè ni ọ́. Adégbóyè fúnra rẹ̀ ti gbówó lérí ju bó ṣe yẹ lọ. O lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, Mà."

"Gbọ́ mi dáadáa. Ìdánwò wà lọ́jọ́ Sátidé. Tí o bá pa ariwo yìí, ìwọ ni yóò máa tọ́jú kọ̀ǹpútà mi títí wọ́n á fi sin mí. Màá sì mú ọ dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tá a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tí o bá bà á jẹ́, n kò ní pe ọlọ́pàá. Ẹnu mi tó bẹ́ẹ̀. Kò ní sí ẹnì kan ní gbogbo Bódìjà tó máa tún gbé kọ̀ǹpútà fún ọ mọ́, wàá padà sí Ìgbòho lọ gbin iṣu."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Nínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọ̀gá, ẹni tó ń tọ́jú ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà! Ọ̀dọ̀ Adégbóyè ló gbà lọ tààrà láti ra fọ́lúùmù.

"Ọgbọ̀n?" ni Adégbóyè wí. "Ibo lo fẹ́ kó ọgbọ̀n lọ?"

"Gbọ̀ngán Màmá Ọ̀ṣuntókun, sà."

Adégbóyè gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ń gbé ìpinnu kan wò. Lẹ́yìn náà ló da fọ́lúùmù sórí tábìlì, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo mílíìkì wà níbẹ̀, ó kún fún táránsísítọ̀. Motúnráyọ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè gba òun láti kà.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó yẹ kí n rà?"

"Gọ́ọ̀mù," ni Adégbóyè wí, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Má gbàgbé gọ́ọ̀mù o. Gọ́ọ̀mù gan-an ni iṣẹ́ náà."

Ó so ẹnu ọ̀rá náà fún un, ó sì gbàdúrà lé e lórí.

Ọjọ́rùú ni Motúnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lu ihò, ó ki fọ́lúùmù bọ̀ ọ́, ó so wáyà pọ̀, ó po gọ́ọ̀mù, ó mọ ọ́n rogodo bí ẹyin àdàbà lórí ibi tí wáyà ti so pọ̀. Ẹni tó bá fi ti Adégbóyè sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ó yí fọ́lúùmù. Fáànù kò mira. Ó yí i sí i, kò mira. Ó kù díẹ̀ kó yí i débi tó parí sí kí fáànù tó ta gìrì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́. Bí ó bá kọjá ibẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Ti Adégbóyè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Adégbóyè máa ń rọra lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ọ̀gá, tèmi ò rọra lọ bíi tiyín o. Ìparí rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Ọwọ́ rẹ ló le, Káàdì. Ọwọ́ tó ń họ káàdì fún odindi ọdún mẹ́fà. Rọra yí i."

Ó ti pa fóònù.

Motúnráyọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá di èémí sínú, ó yí ọgbọ̀n fọ́lúùmù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tín-ínrín yẹn, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Màmá Ọ̀ṣuntókun wọlé, ó rìn dé àárín gbọ̀ngán, ó dúró.

"Mo ń gbọ́ ìró bàtà ara mi," ni ó wí. "Ọmọ yìí, mo ń gbọ́ ìró bàtà ara mi!"

Ó dì mọ́ Motúnráyọ̀. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni dì mọ́ ọn ní ọdún náà.

Aago mẹ́wàá Sátidé, ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Motúnráyọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó fi ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tí ènìyàn ń gbọ́ kò ju ìró ìka lórí bọ́tìnnì lọ. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé, bí ìgbà tí irun bá kan iná. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlà kẹta nawọ́ sókè.

"Mà, tèmi ti kú."

"Jókòó. Ẹnu rẹ ló máa kú."

"Mà, tèmi náà!"

"Tèmi náà, Mà! Ó ń rú èéfín!"

Bí wọ́n ṣe ń kú tẹ̀ léra nìyẹn, láti ìlà kẹta dé ìlà kìíní, bí ẹni ń fẹ́ iná fìtílà pa. Òórùn náà gbilẹ̀ dé títì, wọ́n ní ó dé ọjà. Kí ó tó di aago mọ́kànlá, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti kú nínú ọgbọ̀n.

Màmá Ọ̀ṣuntókun kò pariwo. Ó fa àga kan sí iwájú, ó ní kí Motúnráyọ̀ gun orí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.

"Sọ orúkọ rẹ fún wọn."

"Motúnráyọ̀ ni mò ń jẹ́."

"Sọ pé ìwọ lo ba ìdánwò wọn jẹ́."

"Èmi ni mo..."

"A ò gbọ́ o!" ni wọ́n pariwo lójú fèrèsé.

"Èmi ni mo ba ìdánwò yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìyá Ooru!" ni ẹnì kan ké láti ìta, gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ooru! Ìyá Ooru!"

Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Màmá fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Má sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn ò tíì rí ojú rẹ dáadáa."

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí kọ̀ntéínà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà oníbàárà kan wà níbẹ̀ tí Adégbóyè ti ṣe fáànù rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó tan án. Ó yí fọ́lúùmù rẹ̀. Fáànù rọra gbéra, ó rọra sáré, ó rọra sinmi. Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi yí i, ọwọ́ tó le yẹn.

Ó pa á. Ó gé kókó gọ́ọ̀mù kúrò, ó gbé e sórí sìmẹ́ńtì, ó mú òòlù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló fọ́.

Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yọjú sí i láàárín àfọ́kù gọ́ọ̀mù.

Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò nílò láti ṣàlàyé. Fọ́lúùmù kò lágbára tó lè gbé iná tí fáànù ń jẹ. Bí wọ́n bá gbé iná náà lé e lórí, á jóná láàárín wákàtí kan, fáànù á sì dúró. Àṣẹ ni fọ́lúùmù ń pa. Táránsísítọ̀ ló ń gbé ẹrù. Òun fúnra rẹ̀ ti yọ wọ́n lára òkú rédíò fún ọdún mẹ́rin, ó tó ẹgbẹ̀rún. Ọjọ́ Ajé tó ra fọ́lúùmù, ìgúnpá rẹ̀ kan agolo wọn. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Adégbóyè ń jẹ ẹ̀pà sísun nígbà tó wọlé. Ó na àfọ́kù náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣà wọ́n fún mi."

"Èmi ni."

"Ẹ gbàdúrà sí i."

"Àdúrà ò gbé iná, Káàdì. Táránsísítọ̀ ló ń gbé iná." Ó bó ẹ̀pà kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu. "Ta ló fọ́ ọ fún ọ?"

"Èmi ni mo fọ́ ọ."

"Ọdún méje lọ̀gá mi fi ìyẹn pamọ́ fún mi ní Dùgbẹ̀. Mo fi ba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ níjọ́ ìsìn ìkórè, wọ́n da omi ìdọ̀tí lé mi lórí. Ọjọ́ yẹn ni mo fọ́ tèmi. O kú oríire. Tìjọ́sí, eré la ṣe. Òní lo ṣe fìrídọ́ọ̀mù."

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sétí. "Ẹ ẹ́n, Màmá. Mo ti gbọ́, Mà. Ọmọ náà ò fetí sílẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ọ ni. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò sí wàhálà." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Mo nílò ẹni tó máa di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún mi níbẹ̀. Ṣé wàá wá, àbí ọkọ̀ Ìgbòho lo fẹ́ wọ̀?"

Motúnráyọ̀ rò ó wò níbi tó dúró sí. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní Ìbàdàn.

"Màá wá, sà."

Ní gbọ̀ngán Bódìjà, Màmá Ọ̀ṣuntókun gbé omi tútù fún Adégbóyè. Kò gbé fún Motúnráyọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń kí i lójú fèrèsé: "Ìyá Ooru, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó di iná mú. Nígbà tí Adégbóyè dé ibi táránsísítọ̀ àkọ́kọ́, ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè, ó wò ó lójú.

"Káàdì. Lọ ra gọ́ọ̀mù wá."

Gọ́ọ̀mù mẹ́wàá wà nínú àpò irinṣẹ́ Adégbóyè, Motúnráyọ̀ rí wọn. Kò sì sí ohun tó kù láti fi pamọ́ fún un mọ́. Adégbóyè kàn fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lọ ni.

Ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló rán an lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló lọ.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ló tún lò lábẹ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́, kó tó lọ sílé, ó ń mú táránsísítọ̀ kan nínú agolo mílíìkì, á fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó lé ní irinwó, ó kó lọ sí Challenge ní apá kejì Ìbàdàn, níbi tí wọn kò ti mọ Ìyá Ooru, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Láti Challenge dé Olúyọ̀lé, wọn kì í gbé kọ̀ǹpútà aláriwo lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ojú Adégbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kò rí ẹsẹ̀ táránsísítọ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá máa bá òun parí iṣẹ́, kí ebi má bàa pa ilé òun.

"Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ mi le," ni Motúnráyọ̀ wí fún ẹni tí wọ́n rán, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òun náà ti ní ọmọ iṣẹ́. Àyàntúndé ni orúkọ rẹ̀, tíṣà tẹ́lẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ọlọ́mọ mẹ́ta. Tíṣà ni Motúnráyọ̀ ń pè é, bí ẹni ń pe ajá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ó máa ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tẹjú mọ́ kókó dúdú tó wà láàárín fọ́lúùmù àti fáànù, ó sì mú bírò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú eléyìí?"

"Ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni," ni Motúnráyọ̀ wí. "Eruku ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

Àyàntúndé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

"Tíṣà, lọ ra gọ́ọ̀mù wá."

Ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwọn ń ta gọ́ọ̀mù náà. Ring Road ló rán an lọ. Nígbà tó fi padà dé, tí òógùn ti mú ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, iṣẹ́ ti parí, kókó ti le. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó dúró díẹ̀, ó ń wá àyè tí yóò ki ti òní sí láàárín ti àná.